Má Fi Ọjọ́ Orí Wọn Ènìyàn

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ara àwa náà le, a dúpẹ́.

Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí fóònù ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ kan tí o sọ. O ní ọ̀gá yín ní kí o bá òun yẹ ìwé àwọn tó ń wá iṣẹ́ wò, pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún 53, pé gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè ló ní, àmọ́ o ti sún ìwé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí pé "bàbá yẹn á kàn máa fà wá sẹ́yìn ni." O sì rẹ́rìn-ín. Mi ò fèsì nígbà náà. Ọ̀rọ̀ tó bá nípọn, mi ò fẹ́ràn kí n máa pariwo rẹ̀ nígbà tí ohùn ń já lórí fóònù.

Má rò pé ìjà ni mo gbé dé. Mo mọ ẹ̀kọ́ tí a fi tọ́ ọ. O máa ń kí àgbà dáadáa, ẹnu rẹ kì í rí wọn fín, o sì máa ń dìde fún arúgbó nínú ọkọ̀. Ìdí gan-an tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára nìyẹn. Èèyàn lè bọ̀wọ̀ fún àgbà lójú, kó sì ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé kò sí ohun tí àgbà náà tún lè ṣe mọ́. Ìkíni ò ná ọ ní kọ́bọ̀. Ìwé tí o sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn, iṣẹ́ oòjọ́ ẹnì kan ló wà nídìí rẹ̀.

Má bẹ̀rù, mi ò ní pa òwe aṣọ àti àkísà fún ọ. O ti gbọ́ ọ títí ó ti sú ọ. Ohun tí mo fẹ́ ni kí a jọ wo ohun tí o sọ, ká mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

O ní àwọn tó ti dàgbà ò mọ nǹkan nípa ẹ̀rọ ìgbàlódé. Fóònù tí o fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, ọwọ́ ta ló ti wá? Martin Cooper ló kọ́kọ́ fi fóònù alágbèéká tó ṣeé mú lọ́wọ́ pe ènìyàn, ní oṣù kẹrin ọdún 1973. Ọdún 1928 ni wọ́n bí i. Vint Cerf àti Bob Kahn, tí wọ́n ṣètò bí àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọdún 1943 ni wọ́n bí èkíní, ọdún 1938 ni wọ́n bí èkejì. Tim Berners-Lee, tó gbé wẹ́ẹ̀bù kalẹ̀ lọ́dún 1989, ọdún 1955 ni wọ́n bí òun. Ká ní àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀wé wá síṣẹ́ yín láì kọ orúkọ sí i, ọjọ́ ìbí nìkan ni wọ́n kọ, ṣé o ò ní kó gbogbo wọn dànù?

Mo mọ ohun tí wàá sọ: pé ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣe é. Ó dáa. Wo bátìrì tó wà nínú fóònù náà. John Goodenough wà lára àwọn tí irú bátìrì tó ṣeé gba iná sí léraléra yẹn ti ọwọ́ wọn wá. Nígbà tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Oxford tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1980, ó ti kọjá ẹni ọdún 55. Ọkùnrin inú ìwé tí o jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn ṣì kéré sí i. Wọ́n fún Goodenough ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019, ó jẹ́ ẹni ọdún 97, kò sì sí ẹni tó dàgbà tó o rí tó gba ẹ̀bùn náà. Kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà o. Ó ṣì ń wá irú bátìrì mìíràn tó máa dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó pé ẹni 100 ọdún kó tó kú lọ́dún 2023.

Bóyá wàá ní àkàndá ènìyàn nìyẹn, pé a ò lè fi ẹnì kan ṣèdájọ́ gbogbo ayé. Òótọ́ ni, àmọ́ ìwọ ló kọ́kọ́ fi gbogbo ayé ṣèdájọ́ ẹnì kan. Bí o bá fẹ́ ti gbogbo gbòò náà, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, Pierre Azoulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yẹ àkọsílẹ̀ àwọn tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà wò. Ilé iṣẹ́ tuntun tó ń yára dàgbà jù lọ, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí ẹni tó dá a sílẹ̀ jẹ́ ọdún 45. Ọmọ ọdún 22 tó ń fi yàrá ìsùn ṣe ọ́fíìsì wà lóòótọ́. Ó kàn jẹ́ pé òun ni gbogbo èèyàn ń sọ ìtàn rẹ̀ ni.

Mi ò ní purọ́ fún ọ o. Ọjọ́ orí máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tuntun fún ìwọ àti èmi lónìí, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò. Ìyára ọpọlọ máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀, kò sì tilẹ̀ dúró de ọjọ́ ogbó kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí o ti wà yẹn. Àmọ́ nǹkan mìíràn ń pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn mọ ìtumọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i títí ó fi kọjá ọgọ́ta ọdún. Kí ènìyàn wo ọ̀ràn kan lẹ́ẹ̀kan kó sì mọ ibi tó máa yọrí sí, ìyẹn ò sí lára ohun tí ọdún ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Kí ènìyàn pẹ́ kó tó mọ nǹkan yàtọ̀ sí kó má lè mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń pa méjèèjì pọ̀, ìkánjú ló sì ń fà á.

Ní ti etí, jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àṣìlóye pọ̀ jù láàárín ẹ̀yin àti Màmá àgbà. Bí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́, ohùn tó ń dún fínínfínín ni etí kọ́kọ́ ń pàdánù. Ohùn tó ń dún nílẹ̀ ṣì ń wọlé dáadáa. Àwọn ohùn bí f, s, ṣ, t àti k wà lára èyí tó ń sá lọ. Nítorí náà, bí o bá sọ pé "mo ti fọ̀ ọ́", orin ọ̀rọ̀ náà dé etí Màmá, wọ́n sì mọ̀ pé o sọ nǹkan, àmọ́ wọn ò mọ̀ bóyá o ti fọ̀ ọ́ ni, àbí o ti kọ̀ ọ́. Wọ́n á wá fi èyí tó bá sún mọ́ ohun tí ẹ ń sọ bọ̀ dí àlàfo náà. Bí wọ́n bá dì í re, ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí wọn ò bá dì í re, wọ́n á dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n, ẹ̀yin ọmọdé á wojú ara yín, ẹ ó sì ní orí Màmá ti ń dàrú. Orí wọn ò dàrú. Iṣẹ́ tí orí wọn ń ṣe lásìkò yẹn ju èyí tí tìrẹ ń ṣe lọ.

Ohun tí ẹ máa ń ṣe lẹ́yìn náà ni kí ẹ pariwo. Ariwo kì í dá ohùn tó ti sọnù padà. Ohùn tó ti ń wọlé tẹ́lẹ̀ ló ń mú kó tún dún sí i, ó sì ń jẹ́ kí ojú rẹ dà bí ojú ẹni tó ń bínú. Rọra sọ̀rọ̀, kí o sì fà á díẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n rí ẹnu rẹ, kí ìmọ́lẹ̀ wà lójú rẹ, má jẹ́ kó wà lẹ́yìn rẹ. Pa tẹlifíṣàn. Bí ẹ bá pọ̀ nínú ilé, kí ẹ má sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọn ò bá sì gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì, fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ọ́, má tún ti àkọ́kọ́ sọ lẹ́ẹ̀kẹta. Lórí fóònù, níbi tí wọn ò ti rí ẹnu rẹ rárá, ìsáré tí o máa ń sáré sọ̀rọ̀ yẹn ò bójú mu. Ìdí tí wọ́n fi máa ń ní "ó dáa, ó dáa" kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀ nìyẹn o. Ìwọ rò pé ọ̀rọ̀ rẹ ò jọ wọ́n lójú.

Ti ìgbàgbé náà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí ìwọ bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́, wàá ní iṣẹ́ ló pọ̀. Bí Màmá bá gbàgbé tiwọn, ẹ ti ń ronú àìsàn. Àrùn iyèrírà wà, ó burú, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 57 ènìyàn ló ní in káàkiri ayé lọ́dún 2021. Síbẹ̀ àjọ kan náà sọ ọ́ ketekete pé àìsàn ni, kì í ṣe ohun tó gbọ́dọ̀ bá ọjọ́ ogbó wá. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló kú láì mọ bó ṣe rí.

Ẹ tún máa ń sọ pé àwọn àgbà ni gbájúẹ̀ máa ń rí mú jù. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gba ẹ̀sùn àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì ti ń rí i lọ́dọọdún pé nínú àwọn tó mẹ́jọ́ wá, àwọn tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló ń sọ lemọ́lemọ́ ju àwọn ẹni àádọ́rin lọ pé owó bá ọ̀ràn náà lọ. Lóòótọ́, bí wọ́n bá lu àgbà, owó tó ń lọ máa ń pọ̀ jù, torí òun ló ní in nípamọ́. Ìyẹn ò sọ ọ́ di òmùgọ̀. Mo mọ ọ̀rẹ́ rẹ kan tó rán owó sí ẹni tí kò rí rí nítorí fọ́tò. A ò ní dárúkọ.

Dókítà ọmọ Amẹ́ríkà kan, Robert Butler, ló kọ́kọ́ fún irú ojú burúkú yìí lórúkọ, lọ́dún 1969; "ageism" ló pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará àdúgbò kan lẹ́bàá Washington ló ń bínú nígbà náà pé ìjọba fẹ́ fi àwọn arúgbó tí kò lówó lọ́wọ́ wọ̀ sí àárín àwọn. Butler ní ẹ̀tanú ni, pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ẹ̀tanú àwọ̀ ara. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà ò tíì rọlẹ̀. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2021, wọ́n ní bí a bá kó ènìyàn méjì jọ, ọ̀kan nínú wọn ló ní èrò òdì sí àwọn àgbà. Èmi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ọmọ mi ni ọ̀kan náà.

Àmọ́ ẹ̀tanú yìí yàtọ̀ sí ìyókù níbì kan. Ẹni tó kórìíra ẹ̀yà mìíràn ò ní jí lọ́jọ́ kan kó bá ara rẹ̀ nínú ẹ̀yà náà. Ìwọ, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí rẹ sí, wàá bá ara rẹ níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo èrò tí o ti kó jọ. Becca Levy, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Yale, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2002 lórí àwọn 660 ènìyàn ní ìlú kékeré kan ní Ohio, ẹni ọdún 50 sókè ni gbogbo wọn. Wọ́n ti bi àwọn ènìyàn náà léèrè, ó tó ọdún 23 ṣáájú, nípa ojú tí wọ́n fi ń wo dídàgbà tiwọn. Àwọn tó fi ojú rere wò ó fi ọdún 7.5 pẹ́ láyé ju àwọn tí kò fi ojú rere wò ó. Wọ́n sì ti ro ti ọjọ́ orí, ti owó àti ti ìlera mọ́ ọn kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2009 wọ́n tún wo àwọn tó ṣì kéré, tí wọn ò tíì pé 50, wọ́n sì rí i pé àwọn tó ní èrò òdì jù nípa àgbà nígbà náà ni àìsàn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ bá jù ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ìwádìí kan tàbí méjì ò parí ẹjọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣòro láti rí ọ̀nà tó lè gbà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti gbà láti kékeré pé ìrora ni ọjọ́ ogbó, bí orúnkún bá ń dùn ún, á ní "ọjọ́ orí ni," kò sì ní lọ rí dókítà. Ẹni tó ti gbà pé àgbà kì í kọ́ nǹkan tuntun ò ní kọ́ nǹkan tuntun. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ara rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó sì gbàgbé pé ọ̀dọ̀ òun ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Mi ò wá ń sọ pé kí o máa fi irun funfun ṣe ẹ̀rí ọgbọ́n. Àgbàyà pọ̀ láyé. Mo mọ àwọn kan tí mi ò lè bá jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún; wọ́n jẹ́ oníwàhálà ní ọ̀dọ́, wọ́n sì gbé e dàgbà. Ọ̀rọ̀ dídùn tí a máa ń sọ nípa àgbà, pé gbogbo wọn ló gbọ́n, pé gbogbo wọn ló tutù, òun náà ò jẹ́ kí a rí ẹni tó wà níwájú wa. Àwa náà ò mọ́ o. Ẹ gbọ́ bí a ṣe máa ń sọ pé ọmọ ìsinsìnyí ọ̀lẹ ni, pé fóònù ti jẹ ọpọlọ wọn. Ìròyìn ọdún 2021 yẹn kan náà sọ pé ní Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti rí àkọsílẹ̀ lórí tọmọdé tàgbà, àwọn ọ̀dọ́ ló ń sọ jù pé wọ́n fi ọjọ́ orí fojú tín-ín-rín àwọn. O rí i pé o lè bá mi jà lórí ìyẹn, màá sì gbà fún ọ.

Èyí tó tún ń dùn mí ju èébú lọ ni ìkẹ́ tó ń sọ àgbà di ọmọ ọwọ́. Wọ́n á máa fi ohùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, "Màmá wa, ṣé a ti jẹun? Ṣé a ti lo oògùn wa?" Wọ́n á gba nǹkan lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó ṣe é tán. Wọ́n á dáhùn ìbéèrè tí wọn ò bi wọ́n. Àwọn tó ṣèwádìí ní ilé ìtọ́jú àgbà ní Amẹ́ríkà rí i pé bí òṣìṣẹ́ bá ń fi ohùn ọmọ ọwọ́ bá àwọn tó ní àrùn iyèrírà sọ̀rọ̀, wọ́n máa ń kọ ìtọ́jú ju ìgbà tí wọ́n bá bá wọn sọ̀rọ̀ bí àgbà lọ. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀ pàápàá ṣì mọ̀ nígbà tí wọ́n bá rẹ òun sílẹ̀.

Nítorí náà, ìwé ọkùnrin yẹn, lọ fà á jáde. Fi ọwọ́ bo ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí o ka iṣẹ́ tó ti ṣe. Bí kò bá kún ojú ìwọ̀n, dá a padà pẹ̀lú ọkàn tó mọ́. Bí ó bá kún ojú ìwọ̀n, pè é bí o ṣe máa pe ẹni ọdún 28, kí o bi í ní ìbéèrè kan náà. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè kọ́ ẹ̀rọ tí ẹ ń lò, gbé ẹ̀rọ náà síwájú rẹ̀. Kì í ṣe ojú àánú ni mo ní kí o fi wò ó, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1967 ni òfin ti sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ torí ọjọ́ orí fi iṣẹ́ du ẹni tó ti pé ogójì ọdún. Bí wọ́n bá sì gbà á, má kàn máa kí i láàárọ̀ kí o kọjá lọ. Ẹ jọ ṣe iṣẹ́ kan pọ̀, èyí tí ẹ jọ máa jẹ̀bi rẹ̀ bí kò bá yọrí sí rere. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ irú ẹni tó jẹ́, òun náà á sì mọ̀ ọ́.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Màmá àgbà ní ọjọ́ ní ilé ìwòsàn ojú lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò sì ní sí nílé. Ìwọ ni wàá bá wọn lọ. Ọ̀rọ̀ wọn ni wọ́n máa sọ fúnra wọn. Wọ́n ti kọ ìbéèrè wọn sínú ìwé kékeré kan, wọ́n sì kọ orúkọ oògùn wọn sẹ́yìn rẹ̀. Bí dókítà bá kọjú sí ọ tó ń bi ọ́ pé "báwo ni ojú wọn?", ìwọ kọjú sí Màmá kí o dákẹ́, á yé e. Bí wọ́n bá sọ ti iṣẹ́ abẹ, má ṣe fi ojú tàbí ẹnu sọ pé kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ojú rí. Wọ́n fẹ́ máa ka ìwé wọn láì bẹ ẹnikẹ́ni, ó sì tó. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni. Tètè dé, torí wọ́n á ti múra tán kí o tó dé, wọn kì í sì í fẹ́ràn kí ènìyàn máa pẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ